Fèrèsé Àká Ẹ̀dà: Àríwísí lórí Ààbò Ètò cgit

Láti 2005 tí Linus Torvalds ti ṣe Git, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ní àká tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ wọn: ta ló yí i padà, ìgbà wo, kí ló sì yí. Àwọn onímọ̀ èdè náà ń lò ó. Iroro Orife kó ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ ti 2018, lórí dídá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, sí irú àká bẹ́ẹ̀. Ní 2020, ó kọ̀wé lórí ìtumọ̀ oní-kọ̀ǹpútà fún èdè Ẹ̀dó, Esan, Urhobo àti Isoko. Ní Warri, níbi tí Urhobo, Itsekiri àti Ijaw ti ń gbé pọ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: ibo ni a ó tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sí, ta ni yóò sì rí i?

Fèrèsé tí a fi ń wo irú àká yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni cgit, tí Lars Hjemli bẹ̀rẹ̀. Ó yára, ó sì fúyẹ́; ìyìn rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2018, Jann Horn ti Google Project Zero rí ihò nínú rẹ̀. Àlejò tó bá fi àmì ../, tó túmọ̀ sí "padà sẹ́yìn", sínú àdírẹ́sì lè jáde kúrò nínú àká, kí ó sì ka fáìlì mìíràn lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Ẹ̀dà 1.2.1 ló dí ihò náà. Ọ̀nà tí ihò yìí gbà wọlé ti wà ní ṣíṣí kí onílé tó béèrè fún un. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

Àríwísí wa kejì kan lẹ́tà. Git kì í wo ojú ọ̀rọ̀, kóòdù rẹ̀ ló ń fi wéra. A lè fi kóòdù kan kọ ẹ, a sì lè fi e àti àmì ìsàlẹ̀ kọ ọ́. Fèrèsé yóò ní ìlà ti yí padà, ojú kò sì ní rí ìyàtọ̀. Láàárín irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, àyípadà gidi lè fara pamọ́.

Nítorí náà, kí fèrèsé ti gbogbo ọ̀nà títí onílé yóò fi ṣí i. Kí ó ní àṣẹ kíkà nìkan. Kí ó fi irú ìyàtọ̀ kóòdù bẹ́ẹ̀ hàn. Ìtàn tí ìdílé kò fẹ́ kí ayé gbọ́ kò gbọdọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà pẹ̀lú èyí tí a fi han gbogbo ènìyàn.