Láti Ẹnu Iṣẹ́ dé Ìmọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ètò SIWES ní Agbègbè Ìkẹjà

Ní 1973 ni Industrial Training Fund, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, kí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tí ó ń kà nínú ìwé. Láti Maryland wọ Ìkẹjà títí dé Agége, ilé-iṣẹ́ kò wọ́n. Ohun tí bébà yìí ń wádìí ni ohun tí ó ń sọ iṣẹ́ di ẹ̀kọ́.

Ní Amẹ́ríkà ní 2008, George Kuh ka kíkọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́ mọ́ àwọn ọ̀nà ìkọ́ni tí ó lágbára jù lọ. A gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lílọ nìkan kò tó. Ẹ wo ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí. Bí ó bá kọ ọ́ pé òun bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe, tí olùkọ́ sì fọwọ́ sí i láìbéèrè ohun tí ó ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ẹ̀rí pé ó wá síbi iṣẹ́ ni ìwé náà. Kì í ṣe ẹ̀rí ìmọ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ kì í fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n yóò ní kí ọmọ-iṣẹ́ tú ohun tí ó tò, kí ó sì tún un tò lójú òun.

Èrò wa ni pé kí ìbéèrè máa ṣáájú ìfọwọ́sí. Abéèrè kì í ṣìnà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bi ní ìbéèrè lè ṣìnà láìmọ̀.