Pátákó Ẹnu Géètì: Lórí Ojú Òpó Àwọn Òǹkọ̀wé Wa

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí àwọn kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ní yunifásítì, tí ẹ ti di òǹkọ̀wé báyìí, ti ń fi àdírẹ́sì ojú òpó yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi pé kí n wò ó, kí n sọ bí mo ṣe rí i. Mo ti wo gbogbo wọn. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan, torí àrùn kan náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: ojú òpó òǹkọ̀wé ni, ṣùgbọ́n èèyàn ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo ṣí ọ̀kan, fọ́tò ló kọ́kọ́ yọ sí mi, òǹkọ̀wé fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fọ́tò náà dára. Mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, mo rí ẹ̀bùn tó gbà, mo rí àwọn ìpàdé tó lọ. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "Ra ìwé mi" sí, ó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ìwé ti tán. Mo wá ọdún tí ìwé àkọ́kọ́ jáde, kò sí. Mo wá ojú ewé kan péré tí mo lè kà kí n fi mọ̀ bóyá ìwé náà tó owó rẹ̀, kò sí. Bẹ́ẹ̀ ìwé mẹ́rin ni ẹni yìí ti kọ o!

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ọba Akran kọjá ní Ìkẹjà, tàbí tí ẹ ń ti Agége bọ̀ gba Ògbà, ẹ mọ ohun tí à ń pè ní pátákó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló dá àdúgbò ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ kí á tó gba òmìnira, láti ìgbà náà ni orúkọ lóríṣiríṣi ti wà lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n pátákó kì í ṣe iṣẹ́. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ìparí ọdún 2008. Orúkọ lè wà lára ògiri kí ẹ̀rọ má dún nínú ọgbà mọ́. Bí ojú òpó tí mo ń sọ yìí ṣe rí nìyẹn: orúkọ wà lẹ́nu géètì, inú ọgbà ṣófo.

Ẹnìkan lè ní, "Prof, kí ló kàn yín nínú ìyẹn? Ìwé ṣáà wà." Ṣé ẹ dá a lójú pé ìwé wà? Ọba Akran yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Longman fìdí sọlẹ̀ sí. Òun ló tẹ *Àjà Ló Lẹrù* ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ní 1969, ìwé tó mú Lápàdé wọ ilé àwọn Yorùbá bí ẹni tí a jọ ń gbé. Ní 2011, Longman Nigeria yí orúkọ padà, ó di Learn Africa. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ a máa yí orúkọ padà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá he ìwé àtijọ́ nínú àpótí bàbá rẹ̀, tó rí "Longman, Ìkẹjà" lára rẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé orúkọ ti yí? Ta ni yóò sọ fún un pé *Àgbàlagbà Akàn* tẹ̀lé e, pé Lápàdé kan náà ló wà níbẹ̀? Orúkọ ilé-iṣẹ́ ń yí, ìwé ń tán lọ́jà, òṣìṣẹ́ tó mọ ìtàn rẹ̀ ń fẹ̀yìn tì. Òǹkọ̀wé nìkan ni ìwé rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀. Tí òun náà ò bá kọ ọ́ síbì kan, ó parí.

Ti Yorùbá tún le ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìwé tí Fágúnwà kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1938. Àwọn kan ń kọ *Igbó Irúnmalẹ̀*, àwọn kan ń kọ *Igbó Irúnmọlẹ̀*. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé ìwé kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn lójú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tó ti jáde kí a tó fọwọ́ sí àkọtọ́ 1974: "aiye" ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "ayé", "enia" ni, kì í ṣe "ènìyàn", "nwọn" ni, kì í ṣe "wọ́n". Ẹni tó ń fi àkọtọ́ òní wá ìwé àná lè wá a títí kó má rí i. Ẹni tó lè so méjèèjì pọ̀ ni òǹkọ̀wé, tó bá kọ àkọlé bó ṣe wà lára èèpo ìwé, tó tún kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà méjì péré ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àmì, torí ibẹ̀ ni inú ti bí mi jù. Onímọ̀ èdè lẹ kà o, ẹ wá kọ orúkọ ara yín láìfi àmì kankan sí i! Ẹnìkan nínú yín kọ àkọlé ìwé rẹ̀ sójú òpó báyìí: "Oko Mi". Ṣé oko tí à ń ro ni, àbí ọkọ tí a fẹ́, àbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀, àbí ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè? Ó tún ku ọ̀kan tí mi ò ní kọ síbí.

Mo mọ àwáwí yín: ẹ ní àmì ń fọ́n ká tí ẹ bá gbé e sójú òpó. Òótọ́ ni, ó sì ní ìdí. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ọ" ní tirẹ̀, "ṣ" ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ́" àti "ọ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni yóò ṣíwájú, àmì ohùn yóò tẹ̀lé e bí ìgbà tí ọmọ gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Fọ́ńtì tí wọn ò ṣe fún irú èdè wa lè máà mọ bí a ṣe ń pọn ọmọ yẹn, ó lè jẹ́ kó já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà, kí ẹ tó yan fọ́tò, fọ́ńtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Ẹ fi orúkọ yín àti gbólóhùn Yorùbá gígùn kan dán an wò lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Inú àdírẹ́sì nìkan ni mo ti gbà pé kí àmì má sí, torí tí ẹ bá fi àmì sí i, ẹ̀rọ yóò yí i padà sí ohun kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "xn--" tí ẹnu kankan ò lè pè.

Ó yá, ta ló ti ṣe é dáadáa? Mo fẹ́ fi mẹ́ta wéra, kò sí èyí tí kò ní àléébù nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni Teju Cole. Ní oṣù kìíní 2006, lẹ́yìn tó ti Èkó dé, ó ń kọ ìtàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ fún nǹkan bí oṣù kan, òun àti fọ́tò. Nígbà tó yá, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Cassava Republic ní Àbújá tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 2007, *Every Day Is for the Thief* nìyẹn. Ìwé náà dára. Òǹkọ̀wé ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ́ bí ìkọ̀wé ojoojúmọ́ ṣe ń di ìwé, ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì fún ọ̀dọ́, kò rí ibi tí yóò ti wò ó mọ́.

Ìkejì ni Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè bíi tiwa. Ó bẹ̀rẹ̀ ktravula ní 2009, ọdún tó lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ní Yorùbá ní Edwardsville. Ní 2018 ló tẹ ìwé ewì jáde lórí ìlú náà. Ẹ ò rí i pé ojú òpó yẹn yàtọ̀ sí pátákó? Ibi iṣẹ́ ni, ó ní déètì, a lè rí igi kí ó tó di àga. Orúkọ tirẹ̀ sì ní àmì pé pérépéré. Ọwọ́ yẹn náà ló fi dá YorubaName sílẹ̀ ní 2015, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Ohun tí mo ní í bá a sọ kò ju ọ̀kan lọ: Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù ní ktravula. Ẹni tó jà kí Twitter lè sọ Yorùbá ní 2012, èmi ìbá fẹ́ ka ìrìn àjò rẹ̀ ní Yorùbá.

Ìkẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Àkójọ iṣẹ́ Chimamanda Ngozi Adichie tó kún jù tí mo mọ̀, òun kọ́ ló ṣe é. Daria Tunca, olùkọ́ ní Yunifásítì Liège ní Belgium, ló kó o jọ: ìwé, ìtàn kúkúrú, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àti ohun tí àwọn alámèyítọ́ kọ. Kò sí ọ̀ṣọ́ níbẹ̀, àkójọ lásán ni. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ rí ohun tó ń wá. Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí, torí mi ò tíì rí irú rẹ̀ fún òǹkọ̀wé Yorùbá kan ṣoṣo.

Àwọn kan nínú yín ní Facebook ti tó, ibẹ̀ ni òǹkàwé wà. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ pe èèyàn wá, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má kó gbogbo ẹrù yín sínú ilé onílé. Nígbà tí Yahoo ti GeoCities pa ní 2009, ojú òpó ẹgbàágbèje èèyàn ló bá a lọ, àfi èyí tí àwọn bí Internet Archive sáré kó pamọ́. Ilé tara yín náà, ẹ wo ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ẹni tí ọmọ tó bá a kọ́ ojú òpó fi orúkọ ara rẹ̀ gba àdírẹ́sì. Ọmọ náà rìnrìn àjò, owó ọdún pé, kò sẹ́ni tó san án, ojú òpó pòórá. Ẹ fi orúkọ ara yín gba àdírẹ́sì, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú ilé mọ bí a ṣe ń san owó rẹ̀, kí ẹ sì ní ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá papòdà ní 2018, Àlàgbà Adébáyọ̀ Fálétí ti ṣíwájú wọn ní 2017. Àwọn ò lè kọ́ ojú òpó mọ́. Ìṣọ̀lá kọ *Ó Le Kú* ní ìwé ní 1974, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Mo ti bá ọ̀dọ́ tó gbà pé fíìmù nìkan ni pàdé. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni mo fún yín. Èkínní, ẹ tún ojú òpó tiyín ṣe: orúkọ pẹ̀lú àmì, àkójọ ìwé pẹ̀lú ọdún àti ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, àti orí kan ó kéré tán tí èèyàn lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì, kí olúkúlùkù mú òǹkọ̀wé Yorùbá kan tó ti lọ, kí ó ṣe àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ bí obìnrin Liège yẹn ti ṣe. Àkójọ nìkan o, ẹ má gbé odindi ìwé tí ẹ ò ní àṣẹ lé lórí síbẹ̀.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á láti òkè délẹ̀, màá sì fún un ní máàkì. Ẹni tí kò bá fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀, òdo ni.