Níbo ni Agídìgbo Wà Nínú Àpàlà Yìí?

Tí a bá dárúkọ agídìgbo fún ọ̀dọ́ kan ní Ìsẹ́yìn lónìí, Agidigbo 88.7 FM tó wà n'Ìbàdàn ló máa kọ́kọ́ rántí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa, kí a tó gbọ́ àkójọ orin Apala: Apala Groups in Nigeria 1967-70. Iléeṣẹ́ Soul Jazz Records ní Lọ́ńdọ̀nù ló kó àwọn àwo àtijọ́ náà jọ, tó sì tún wọn gbé jáde ní 2020. Hárúnà Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀. Adébùkọ́nlá Àjàó náà wà níbẹ̀, ká lè mọ̀ pé àpàlà kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan.

Orí fóònù la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ká má parọ́, ó sú wa. Olórin ń kọ, ìlù ń dáhùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń mì, ó parí. A ní orin àwọn àgbà ni. Àfìgbà tí a so ó mọ́ sípíkà ńlá lọ́jọ́ kan ní ìsọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan tó ń hun aṣọ òkè. Ṣe ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀kan nínú wa ní gìtá ni. Bàbá tó wà nídìí òfì kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Gìtá wo? Agídìgbo nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí!"

Àpótí pákó ni agídìgbo. Wọ́n á to ahọ́n irin mélòó kan sí i lójú, ẹni tó ń ta á á gbé e lé itan, á máa fi ìka ta irin wọ̀nyẹn. Ohùn rẹ̀ nípọn, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, sípíkà kékeré inú fóònù ò sì lágbára ohùn ìsàlẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ jáàsì kékeré, irin tí Milt Jackson ń lù, ìyẹn vibraphone, máa ń bọ́ síwájú láti kọrin. Ẹ̀yìn ni agídìgbo dúró sí. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú iṣẹ́ yẹn: apá kan wà tí ẹni tó ń lo áàpù ò ní rí láéláé, tó kàn ń yí po láìsinmi. Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ni gbogbo èèyàn á mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀.

Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Lórí fóònù, a ò jó o, a ò sì mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣì ń dùn wá. "Haruna Ishola and His Apala Group" ni wọ́n máa ń kọ sára àwo. Olórin ní orúkọ, àwọn yòókù di "group", ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sì tún wà lákọlé àkójọ yìí. Ta ló ta agídìgbo yẹn gan-an? Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1967 ti ń súnmọ́ 80 báyìí. Tí ò bá sẹ́ni tó béèrè nísinsìnyí, ìdáhùn á bá wọn lọ.

Orin inú àkójọ yìí dáa, a ò jiyàn ẹ̀. Ẹ wá sípíkà gidi, tàbí earpiece tó mọ́yán lórí, kí ẹ tó dájọ́ fún un. Tí àgbàlagbà kan bá wà ládùúgbò yín, ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ wá béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.