Ta Ló Wà Níbẹ̀ Nígbà Tí Mungo Park Kú?

Ìwé tá a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jáde ní London ní 1815. Ìwé ìrìn-àjò kejì tí Mungo Park rìn lọ sí Odò Ọya ni. Oṣù kọkànlá 1805, nílùú Sansanding, ni ọ̀rọ̀ Park fúnra rẹ̀ dópin. Àwọn ojú ewé tó sọ bó ṣe kú kì í ṣe tiẹ̀. Amadi Fatouma, ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ló ni wọ́n. Ojú ewé díẹ̀ péré ni, àmọ́ àwọn layé ń tún sọ títí dòní. Àwa rò pé a kì í kà wọ́n dáadáa.

Park kó òyìnbó bí ogójì kúrò ní Gáńbíà. Àìsàn pa wọ́n débi pé márùn-ún péré ló kù nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ní Sansanding. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Àwọn kan ní ó ti kú, àwọn míì ní ó wà láàyè. Ní 1810, gómìnà Sẹ̀nẹ̀gà rán Isaaco lọ wádìí. Isaaco rí Fatouma, ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ ní Lárúbáwá, wọ́n sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ni Fatouma sọ? Ó ní wọn ò fi ẹ̀bùn tí Park fi ránṣẹ́ jẹ́ ọba Yáwúrì, inú bí ọba, ó rán ọmọ ogun lọ dènà ní ibi àpáta ní Bùsà. Park bẹ́ sómi, ó kú. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n Yáwúrì ni iṣẹ́ Fatouma pin sí! Inú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà nígbà tí ìjà ń lọ. Ẹrú kan tó yè nínú ọkọ̀ ló sọ fún un lẹ́yìn náà. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, tí ètò kọ̀ǹpútà bá kú lóru, a kì í ka àkọsílẹ̀ láìbéèrè ibi tó ti wá. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ní 1826, Clapperton gba Àgbádárígì àti Ọ̀yọ́ Ilé dé Bùsà. Àwọn ará ibẹ̀ ò fẹ́ sọ̀rọ̀ náà rárá. Ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n rò pé aṣíwájú ogun Fúlàní ni àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn níbẹ̀. Ní 1830, àwọn Lander gba ọ̀nà kan náà, ọba Bùsà sì fi ẹ̀wù àti ìwé tó jẹ́ ti ọkọ̀ náà hàn wọ́n. Ẹ̀wù lè jẹ́rìí pé ọkọ̀ dé Bùsà. Kò lè sọ ẹni tó dá ìjà sílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn òǹkàwé máa ń fò. Fatouma fúnra rẹ̀ ka ìjà tí wọ́n jà lójú odò kí wọ́n tó dé Yáwúrì: ọkọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń lé wọn, wọ́n ń yìnbọn, èèyàn ń kú. A ò lè fi èyí búra pé òun ló fa ti Bùsà. Àmọ́ tí ẹnì kan bá sọ ìtàn yìí, tó rántí ojúkòkòrò ọba, tó gbàgbé ìbọn, irọ́ lòun náà ń gbé kiri.

Irọ́ ò sì ṣàìlówó nídìí. Thomas, ọmọ Park, ò gbà pé bàbá òun ti kú. Ní 1827, ó wá a wá sí ilẹ̀ tó ń jẹ́ Gáná lónìí, ibẹ̀ lòun náà kú sí.

Láti 1968 ni adágún Kainji ti bo Bùsà àtijọ́ mọ́lẹ̀. A ò lè lọ wo àpáta náà mọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Ẹ ka Fatouma, ó tó kà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu Bùsà náà: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.