Orin tó ń sọ ìtàn ìlú

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ṣùgbọ́n ṣé inú ìwé nìkan ni ìtàn ìlú wà? Rárá o. Orin náà a máa pa ìtàn mọ́.

Fẹlá Aníkúlápó Kútì, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Ó mú jáàsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ó dà á pọ̀ mọ́ ìlù ilẹ̀ wa. Ní 1975, ó gbé àwo kan jáde tó ń jẹ́ Confusion, ìyẹn ìdàrúdàpọ̀. Orin kan ṣoṣo ló gba ojú méjèèjì àwo náà, ó ju ìṣẹ́jú 20 lọ.

Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ lè sọ pé: "Nígbà wo ló máa kọrin?" Dùùrù oníná Fẹlá àti ìlù Tony Allen ni yóò kọ́kọ́ máa wá ara wọn kiri. Ẹ ní sùúrù. Ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, gìtá á dé, fèrè á dé, bí èrò ṣe ń kún títì. Lójú mi, ọgbọ́n orin náà nìyẹn: kó tó sọ̀rọ̀, a ti rí ìlú.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, oríta Ojúẹlẹ́gba ní Èkó ló mú wá. Ẹ mọ Ẹlẹ́gba, oríta ni ibùjókòó rẹ̀. Mọ́tò ń bọ̀ láti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pólíìsì kò sí láàárín. Ogun Nàìjíríà parí ní 1970, owó epo rọ̀bì wọlé, àwọn èèyàn ra mọ́tò, títì kò gbà á. Fẹlá kò ka ọdún fún wa. Oríta kan ṣoṣo ló fi sọ gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan. Kò sọ ti àwọn ìyá tó ń ru ẹrù kọjá ní oríta yẹn. Bẹ́ẹ̀, àwọn náà ni ìlú.

Ní Lómè tiwa ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2013, iná jó Ọjà Ńlá. Ọ̀pọ̀ ìyá pàdánù ẹrù wọn. Ta ni yóò sọ tiwọn? Ẹni tó mọ fèrè fọn, kó fọn ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ bírò dì mú, ẹ kọ ohun tí ojú yín rí. Bí a kò bá sọ ìtàn ìlú wa, àjèjì ni yóò bá wa sọ ọ́.