Ọ̀nà Tí Mọ́tò Kò Gbọdọ̀ Gbà

Iṣẹ́ mi ní ojú ewé yìí ni kí n yẹ ìwé wò, tàbí eré orí ìtàgé, tàbí sinimá, kí n sọ ibi tó ti dùn àti ibi tó ti kù díẹ̀ káà tó. Lóṣù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yẹ ọ̀nà kan wò. Èèyàn ló fi ọgbọ́n orí ṣe é bí a ti ń ṣe ìwé. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó sì ní ohun tó fẹ́ sọ fúnni. Nítorí náà a lè yìn ín, a sì lè bá a wí.

Orúkọ ọ̀nà náà ni Great Allegheny Passage. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà, láàárín àwọn òkè Appalachia. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Pittsburgh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó sì dé Cumberland ní ìpínlẹ̀ Maryland, àádọ́jọ (150) máìlì. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ni ín. Mọ́tò kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Èmi àti kẹ̀kẹ́ ti kọ ara wa sílẹ̀ tipẹ́. Tísà ni bàbá mi, Raleigh dúdú kan ló sì fi ń lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí àwọn òkè Èkìtì. Bó bá dé ibi tó ga, á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í, èmi náà á máa ti ìdí rẹ̀ látẹ̀yìn. Nígbà tí n kò tíì ga tó ìjókòó rẹ̀, abẹ́ irin àárín ni mo máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ kí n tó lè gùn ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lọ́rì kan tó ń sáré bọ̀ láti orí òkè gbá bàbá mi sínú gọ́tà. Kò kú, ṣùgbọ́n títí ọlọ́jọ́ fi dé ló fi ń tiro. Wọ́n gbé Raleigh náà wálé, ó ti ká bí ìwọ̀ ẹja. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo búra pé n kò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láyé mi, mo sì mú un ṣẹ fún ọdún méjìdínlógójì.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Pittsburgh ló bà mí níbùúra jẹ́. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní, "Bọ̀dá mi, ọ̀nà kan wà níbí tí lọ́rì kankan ò lè bá yín dé. Ẹ jẹ́ ká lọ." Mo kọ̀, ó bẹ̀ mí, mo tún kọ̀. Nígbà tó wá rántí bàbá wa fún mi, n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. A háyà kẹ̀kẹ́ méjì. A gbéra láti Rockwood, a sùn ní Meyersdale, a sì dé Cumberland lọ́jọ́ kejì. Máìlì mẹ́rìnlélógójì ni.

Ohun kìíní tí mo yìn ni ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, rélùwéè ni ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀. Ní 1912 ni Western Maryland Railway la ojú irin láti Cumberland dé Connellsville kí wọ́n lè máa kó ẹrù àti èédú. Rélùwéè kì í sì í lè gun òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ewúrẹ́. Ibi tí òkè bá ti dí i lọ́nà, wọ́n á dá ihò lu sí abẹ́ rẹ̀; ibi tí àfonífojì bá wà, wọ́n á gbé afárá lé e. Ihò Big Savage gùn tó 3,294 ẹsẹ̀ bàtà. Afárá Salisbury gùn tó 1,908. Ibi tó ga jù lọ ní gbogbo ọ̀nà náà fi 2,392 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ, síbẹ̀ èmi tí ikùn mi ti yọ síwájú yìí dé ibẹ̀ láìsọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe agbára mi o. Àwọn tó ṣe rélùwéè ló ti bá mi tẹ́ òkè náà sílẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ní 1975, ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ti wá ni ojú irin méjì tó ń lọ síbì kan náà, wọ́n sì pa ọ̀kan tì. Ìlú mìíràn ì bá jẹ́ kí igbó bò ó. Àwọn ará ibẹ̀ kò gbà. Wọ́n tú irin, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi dán. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣí apá kìíní nítòsí Ohiopyle. Ọdún 2013 ni gbogbo rẹ̀ tó parí dé àárín Pittsburgh. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ló jẹ́ ti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà á kọjá.

Ohun kejì tí mo yìn ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lórí afárá Salisbury, mo dúró, mo wo ìsàlẹ̀. Títì ọlọ́dà wà lábẹ́ mi, mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀, wọ́n kéré bí èèrùn. Lókè níbi tí mo wà, atẹ́gùn ni mo gbọ́, àti táyà kẹ̀kẹ́ àbúrò mi lórí òkúta wẹ́wẹ́. Èmi tí mo ń gbé ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dá wa lóhùn tọ̀sán tòru, ẹ̀rù tilẹ̀ kọ́kọ́ bà mí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n wá bá a wí.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ méjì ló wà láyé. Ọ̀kan ni ti oko lẹ́yìn òjò. Èkejì ni ti ọjà tó tú tí wọn kò ní í ná mọ́. Ọ̀nà yìí ń fi èkíní yangàn, kò sì sọ̀rọ̀ èkejì tó. Ní 1986 tí wọ́n ṣí apá kìíní rẹ̀, ní ọdún náà gan-an ni ilé iṣẹ́ irin ńlá ti Homestead ti ilẹ̀kùn pa, ọ̀nà náà sì ń gba Homestead kọjá lónìí. Ní Van Meter, níbi tó ti ń bá odò Youghiogheny rìn, ihò èédú Darr bú gbàmù ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, 1907. Ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 239 ló kú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà wọlé sí. Ẹni tó bá fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ṣe fàájì láì béèrè, ó jẹun tán kò mọ ẹni tó sè é.

Ìbáwí kejì: ọ̀nà tí kò fẹ́ mọ́tò, mọ́tò ló gbé wa débẹ̀! Ọkọ àbúrò mi ló wà wá dé Rockwood, òun náà ló tún wá kó wa ní Cumberland. Ibi tí wọ́n ń páàkì sí kún fún mọ́tò tó gbé àgbékọ́ kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú irin Amtrak ń dúró ní Pittsburgh, Connellsville àti Cumberland, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni. Ẹni tí kò ní mọ́tò, tí kò sì ní ọjọ́ ìsinmi lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe é kò kàn án. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín ọjọ́ méjì, yàtọ̀ sí èmi àti àbúrò mi, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ni mo bá pàdé. A kí ara wa bí ẹni pé a ti mọra láti ìgbà èwe.

Lẹ́yìn ihò Big Savage, a kan ìlà Mason àti Dixon, tí wọ́n wọ̀n láàárín 1763 sí 1767. Àmì rẹ̀ wà lójú ọ̀nà níbẹ̀. Pennsylvania wà lẹ́yìn, Maryland wà níwájú. Títí di 1864, òfin Maryland fàyè gba ẹrú níní. Àwọn tó jọ mí ń sá gba ìlà yẹn kọjá lóru, ajá ń gbó lẹ́yìn wọn, ibi tí mo ti ń bọ̀ ni wọ́n sì ń sá lọ. Èmi lo kẹ̀kẹ́, ìṣẹ́jú àáyá méjì, mo ti kọjá. Mo padà, mo tún un kọjá lọ́nà tiwọn, kí n lè bọ̀wọ̀ fún wọn.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń da gẹ̀ẹ́rẹ́ dé Cumberland, ó lé ní ogún máìlì. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn mi dì. Mo ń retí lọ́rì. Mo wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kíní, kò sí nǹkan. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, àbúrò mi ni mo rí tó ń rẹ́rìn-ín. N kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kẹta mọ́. Mo tú bíréèkì sílẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Mo sọ fún àbúrò mi pé atẹ́gùn ni.

Ní Cumberland, ọ̀nà náà pàdé ọ̀nà àtijọ́ ti ìpadò C&O, tó lọ dé Washington. Ìtàn ibẹ̀ kan àwa oníwèé ìròyìn. Ní 1954, Washington Post kọ ọ́ pé kí wọ́n sọ etí ìpadò náà di ọ̀nà mọ́tò. Adájọ́ William O. Douglas ti ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kí àwọn tó kọ ọ́ wá bá òun fẹsẹ̀ rìn ín kí wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́ bàjẹ́. Wọ́n lọ. Máìlì 184.5 ni, èèyàn mẹ́sàn-án ló rìn ín tán. Ìwé ìròyìn náà yí ohùn padà, wọn kò sì la títì náà mọ́. Ní 1971 ó di ọgbà ìjọba.

Ìdájọ́ mi nìyí. Iṣẹ́ rere ni ọ̀nà yìí, bó tilẹ̀ ń gbàgbé àwọn tó kú kí ó tó dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má lọ nígbà òtútù, nítorí wọ́n máa ń ti ihò Big Savage pa nígbà náà. Ó fi yé mi pé òkè kò ṣe bàbá mi ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ohun tó dá a lẹ́sẹ̀ ni pé òun àti lọ́rì ní láti pín ọ̀nà tóóró kan, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí tísà tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀.