Ikú Akọrin Kọ́ ni Ìtumọ̀ Orin Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Dagrin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ tí a bá kú ni à ń dère, ènìyàn kì í sunwọ̀n láàyè. Bí òwe yìí ti wí ni ọ̀ràn Ọládàpọ̀ Ọláìtán Ọláònípẹ̀kun rí, akọrin ráàpù tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Dagrin. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2010, ọkọ̀ tí ó ń wà kọ lu ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó dúró ní Múṣin. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà ni ó jáde láyé ní ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ibi ìsìnkú Àtàn ní Yàbá ni wọ́n sì sin ín sí. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Láti ìgbà náà ni orin rẹ̀ ti bọ́ sí ipò mìíràn. Ó ní orin kan tí kò sí nínú àwo C.E.O., àkọlé rẹ̀ ni "If I Die", èyí ni pé, bí mo bá kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni orin yìí gba ìgboro kan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ sì gbà láìjanpata pé ọmọkùnrin náà ti rí ikú ara rẹ̀ kí ó tó dé. Wọ́n wá padà sí C.E.O., àwo tí ó gbé jáde ní ọdún 2009, wọ́n ń wá àmì ikú kiri inú rẹ̀ bí ọdẹ tí ó ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Báyìí ni àwo tí akọrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé jáde láàyè ṣe di àwo òkú lọ́wọ́ àwọn tí ó ń gbọ́ ọ.

Irú nǹkan báyìí kò mọ sí Èkó nìkan. Ní Amẹ́ríkà, akọrin tí ń jẹ́ Notorious B.I.G. pe àwo rẹ̀ kìn-ín-ní ní Ready to Die ní 1994. Wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1997. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn náà, àwo rẹ̀ kejì, Life After Death, jáde. Ta ni yóò gbọ́ irú àkọlé méjèèjì bẹ́ẹ̀ tí kò ní rò pé àfọ̀ṣẹ ni?

Èrò àwọn olólùfẹ́ Dagrin kì í sì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ó ní ìdí nínú àṣà. Yorùbá gbà pé ọ̀rọ̀ ní agbára, pé ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé-jẹ, àti pé kò yẹ kí ènìyàn máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi sí orí ara rẹ̀. Ìyá tí ó bá gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ikú yóò tètè dá a lẹ́kun, yóò ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Ẹni tí ó bá ń fi ojú yìí wo "If I Die" kò ṣe ju bí wọ́n ti tọ́ ọ lọ.

Síbẹ̀, ó yẹ kí òǹgbọ́ kíyèsí bí gbólóhùn náà ti rí. Àfọ̀ṣẹ a máa pàṣẹ ni. A máa ní kí nǹkan rí báyìí, kí ó má ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "bí" kì í pàṣẹ. Ẹni tí ó ní "bí òjò bá rọ̀, kí o kó aṣọ wọlé" kò pe òjò. Aṣọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Bákan náà, ẹni tí ó ní "bí mo bá kú" ń sọ nípa àwọn tí yóò kù lẹ́yìn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kan ènìyàn ni ó ń ṣẹ mọ́ ọn lára, kí ni ti orúkọ ìdílé rẹ̀? Ọlá tí kò ní ìpẹ̀kun ni orúkọ náà ń wí. Kò bójú mu kí ènìyàn mú èyí tí ó bá ikú mu kí ó sì gbàgbé èyí tí ó tako ó.

Nínú lítíréṣọ̀ alohùn, ibi tí a óò fi irú orin yìí sí kò ṣòro láti rí. Lóòótọ́, kì í ṣe ìrèmọ̀jé, nítorí àwọn ọdẹ tí ó wà láàyè ni wọ́n ń sun ìrèmọ̀jé fún ọdẹ tí ó ti lọ. Ẹkún ìyàwó ni ó sún mọ́ ọn jù. Nínú ẹkún ìyàwó, ẹni tí ó ń lọ gan-an ni ó ń sọ̀rọ̀: a máa dágbére fún ìyá àti bàbá, a máa dúpẹ́, a máa tọrọ àdúrà, a sì máa sunkún ilé tí ó ń fi sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí ó ní ọmọbìnrin náà ti rí òpin ara rẹ̀. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọnà ni, àti pé ẹni tí ó bá sun ún dáradára yẹ fún ìyìn. Ìyìn yìí gan-an ni wọ́n fi du Dagrin nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di wòlíì.

Nítorí náà, kí ni ó wà nínú C.E.O. fún ẹni tí ó bá gbọ́ ọ láìro ti ikú? Àkọlé rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́tà mẹ́ta yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń pe ọ̀gá àgbà wọn. Dagrin yọ ọ̀rọ̀ kẹta kúrò, ó fi "ọmọ ìta" rọ́pò rẹ̀: Chief Executive Omoita. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó pààrọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé àga ọ̀gá jáde kúrò ní ọ́fíìsì, ó gbé e kalẹ̀ sí ojú títì.

Èkejì ni ohùn. Gbogbo olùkọ́ Yorùbá ni ó mọ ìyọnu orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì: ohùn orin a máa fa ọ̀rọ̀ sókè níbi tí ó yẹ kí ó lọ sílẹ̀, ìtumọ̀ a sì dàrú. Ráàpù kò ní ìyọnu yìí púpọ̀, nítorí pé, bí ìjálá àti ewì, ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Lord of Ajasa ti ń ṣe ráàpù ní Yorùbá ṣáájú rẹ̀. Dagrin sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìlù tí Sossick ṣe fún un, síbẹ̀ ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín kò sọnù. Nínú "Pon Pon Pon", ìró lásán ni ó fi ṣe àkọlé, bí àwọn akéwì ti ń fi ìró ṣe ẹ̀ṣọ́. Nínú "Thank God", níbi tí Omawumi ti bá a kọrin, ìdúpẹ́ rẹ̀ wọni lára nítorí pé ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kò jìnnà sí i. Kì í ṣe pé àbùkù kò sí. Ìfọ́nnu pọ̀ nínú àwo náà, "Kondo" kò sì ní ìjìnlẹ̀ tí "Ghetto Dreams" ní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alààyè nìkan ni a lè rí àbùkù lára rẹ̀. Ère kì í ní àbùkù. Kò sì yani lẹ́nu pé C.E.O. gba ẹ̀bùn àwo ráàpù tí ó dára jù ní Hip Hop World Awards ọdún 2010, tàbí pé Ọlámidé, ọmọ Bárígà, rí ọ̀nà tí a ti là sílẹ̀ nígbà tí ó gbé Rapsodi jáde ní 2011.

Ọ̀ràn yìí ju ti orin lọ. Bí ó bá jẹ́ orin ni ó pa Dagrin, a jẹ́ pé kò sí ẹjọ́ fún ọkọ̀ akẹ́rù tí ó dúró sójú ọ̀nà, kò sì sí ìbéèrè fún ẹni tí ó yẹ kí ó gbé e kúrò. Ọmọkùnrin kan fi ẹnu ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, ó parí. Àwọn ọ̀dọ́ akọrin yóò sì kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò tọ́ níbẹ̀: pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣe orin mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìṣojo Dagrin láti sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ọmọ ìta gbọ́ ara wọn nínú orin rẹ̀.

Ìtàn àwọn àgbà sọ ti àkúdáàyà, ẹni tí ó ti kú ní ìlú kan tí ó ń ṣòwò, tí ó ń bímọ, ní ìlú mìíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀ kì í rán an létí pé ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn Dagrin rí nínú àwo C.E.O. Kí òǹgbọ́ jẹ́ kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.